Ẹni Tó Kọ́kọ́ Sọ Ọ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí obìnrin olùkọ́ ewì náà fojú kan ọkùnrin náà, ó ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sára ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé ni ìwé ọ̀hún wà, níbi tí obìnrin náà máa ń lẹ ewì kan mọ́ ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa kà á bí wọ́n bá ń kọjá. Ọkùnrin náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀wù funfun ló wọ̀ ṣùgbọ́n eruku ìwé ti sọ èjìká rẹ̀ di àwọ̀ eérú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi ọwọ́ òsì di awò ojú rẹ̀ mú kó má baà jábọ́, ó sì ń kọ̀wé wínníwínní sábẹ́ ìlà tó kẹ́yìn. Oòrùn àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé e lọ́rùn. Obìnrin náà dúró, ó wo ọrùn yẹn pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ káàárọ̀ o," ló wí níkẹyìn. "Ṣé ewì mi ló kù díẹ̀ káàtó tí ẹ fi ń bá mi parí ẹ̀?"

Ọkùnrin náà yíjú padà. Kò ṣe bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ewì yín dáa. Ìbéèrè ni mo kàn ń béèrè."

Obìnrin náà sún mọ́ ògiri. Ewì ọ̀hún ò ju ìlà mẹ́rin lọ:

Ó jáde, kò ti ilẹ̀kùn.
Atẹ́gùn ń wọlé, atẹ́gùn ń jáde.
Èmi náà ò dìde lọ tì í.
Ọwọ́ mi dí.

Abẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ ọ́ sí pé: Ta ló kọ ọ́? Inú ìwé wo? Ọdún wo?

"Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́," ni obìnrin náà dáhùn. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Inú ìwé kíkà àtijọ́ kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ni mo ti rí i."

"Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ nígbà náà." Ọkùnrin náà na pẹ́ńsù sí i. "Kí ẹni tó bá fẹ́ wá a lè mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀."

Ó yẹ kí inú bí i. Inú sì fẹ́ẹ́ bí i lóòótọ́, àmọ́ kó tó mọ̀, ó ti gba pẹ́ńsù náà, ó ti ń kọ ọ́.

Olùkọ́ tó ń bójú tó yàrá ìkàwé ló lọ bímọ. Ilé-ìkàwé ńlá kan nílùú tó jìnnà ni wọ́n ti yá ọkùnrin yìí wá fún sáà méjì péré, kó wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó kẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìwádìí. Àwọn ọmọ ò jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu ní kíláàsì rẹ̀, kódà kó jẹ́ pé òjò ń bọ̀ lonítọ̀hún fẹ́ sọ, á bi í pé, "Níbo lo ti rí i?" Bó ṣe di Ọ̀gá Níbo nìyẹn.

Àǹtí Ewì ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, nínú ilé alájà kan tí kò jìnnà sílé-ìwé. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí olùkọ́ mìíràn tí àwọn ọmọ fẹ́ràn bíi tirẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ tó bá kọ́ wọn ní ewì ilẹ̀kùn yẹn. Á kọ́kọ́ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Á ní kí wọ́n sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, àti ohun tó fẹ́ sọ tí kò sọ. Nígbà tó bá yá, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ilẹ̀kùn yìí ni gbogbo ìrètí tí obìnrin náà ò lè fẹnu sọ. Ọjọ́ tó bá tì í ni ẹni tó jáde yẹn tó lọ lóòótọ́." Olúkúlùkù á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, á fàlà sí i nídìí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í ṣe tirẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì, tí wọ́n ti mọ ara wọn sí tọkọtaya lọ́la. Orí ewì yìí ni ọkùnrin náà kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ lé, obìnrin yìí ló sì bá a tẹ̀ ẹ́, ojú ewé mẹ́tàlélọ́gọ́ta, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, títí gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀ fi di ohun tí ìka rẹ̀ mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà rìnrìn àjò lọ kàwé sí i lókè òkun. Ó kọ lẹ́tà fún oṣù mọ́kànlá. Nígbà tó yá, lẹ́tà dá. Kò sẹ́ni tó wá sọ pé ó ti gbéyàwó, kò sì sẹ́ni tó wá sọ pé kò tíì gbé e.

Ọdún àkọ́kọ́ tí obìnrin náà dé ilé-ìwé yìí, ó sọ gbólóhùn ẹni tó lọ yìí ní kíláàsì nítorí pé àárò rẹ̀ ń sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ló ń fẹ́ gbọ́, kódà kó jẹ́ láti ẹnu ara rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wà níjòókòó lẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọpọlọ tìẹ gan-an rèé." Olùkọ́ ewì rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wá sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín kíláàsì rẹ̀ àti yàrá ìkàwé. Kí oṣù kan tó pé, ó ti mọ ikọ́ Ọ̀gá Níbo yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni, ó ti mọ bó ṣe ń fa àga, ó ti mọ ìṣẹ́jú tó máa ń dákẹ́ kó tó dáhùn ìbéèrè.

"Káàdì kan, ọ̀rọ̀ kan," ni yóò máa gbọ́ láti òdìkejì. "Òkè káàdì: ẹni tó sọ ọ́, ìwé tó ti sọ ọ́, ojú ewé. Àárín: ohun tó sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, má bù mọ́ ọn, má yọ níbẹ̀. Ìsàlẹ̀: ohun tí ìwọ fúnra rẹ rò, pẹ̀lú yíǹkì àwọ̀ mìíràn, kí ọ̀rọ̀ tìẹ má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì."

"Ọ̀gá, tí mi ò bá rò nǹkan kan ńkọ́?" ni akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í.

"Fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ó sàn ju kó o máa díbọ́n pé o rò ó lọ."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ní òdìkejì pátákó, Àǹtí Ewì dúró pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì ń wo ara wọn pé kí ló dé.

Iṣẹ́ ló dà wọ́n pọ̀. Ìwé ìwádìí tí àwọn ọmọ ọdún tó kẹ́yìn máa kọ, orí ewì kan ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ewì, á sọ ohun tí òun rí nínú ẹ̀, á wá lọ wá ohun táwọn mìíràn ti sọ nípa ẹ̀, á sì dárúkọ wọn. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ máàkì ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi sí, ní yàrá ìkàwé, lórí tábìlì gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Yíǹkì pupa ni ti obìnrin, aláwọ̀ ewéko ni ti ọkùnrin.

"Ẹ fún ọmọ yìí ní méje nínú ogún," ni obìnrin náà wí ní Sátidé kan. "Ẹ ò ka ohun tó sọ nípa ìlà kẹta ni?"

"Mo kà á. Ó dùn. Àmọ́ ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni gbogbo ayé?"

"Èmi."

"Ẹnì kan péré nìyẹn."

"Ẹnì kan ò tó?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó wò ó. Ó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, bó ṣe máa ń ṣe. "Ó lè tó," ló wí, ó sì sọ méje náà di mẹ́sàn-án.

Sátidé mìíràn, obìnrin náà bi í léèrè ìdí tó fi máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, títí kan irú tíì tó mu láàárọ̀. Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní bàbá òun ló ṣàìsàn ìgbàgbé. Ọdún mẹ́rin ni òun fi tọ́jú rẹ̀, òun nìkan, òun ò sì ráyè ìyàwó tàbí nǹkan mìíràn. Ní ọdún kejì ni bàbá gbàgbé orúkọ òun.

"Mo wá ń kọ ohun tó bá sọ láàárọ̀ sílẹ̀, mo máa kà á fún un tó bá dìrọ̀lẹ́," ló wí. "Inú ẹ̀ máa ń dùn. Á ní, 'Ta ló sọ ọ̀rọ̀ dáadáa yìí?' Màá ní, 'Ẹ̀yin ni.'"

Obìnrin náà fẹ́ na ọwọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó na ọwọ́ lóòótọ́, ìwé ló fi gbé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí nǹkan mìíràn tó ń rò ju ọwọ́ yẹn lọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àfiwé, ọkàn rẹ̀ wà lẹ́yìn pátákó.

Òjò pa wọ́n mọ́ ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyá rẹ̀ wà lójú fèrèsé lókè, ó ń wò wọ́n.

"Ṣé ọkùnrin oníkáàdì yẹn nìyẹn?" ni ìyá bi í nígbà tó wọlé.

"Olùkọ́ bíi tèmi ni, Màámi."

"Mo rí i. Gbogbo òjò yẹn, orí ẹ̀ ló rọ̀ lé. Kí ló ń fi agbòjò bò?"

"Ìwé àwọn ọmọ ni."

"Ìwé àwọn ọmọ àti ìwọ," ni ìyá wí. "Mo ríran dáadáa o. Ojú mi ò tíì fẹ̀yìn tì."

Olùkọ́ ewì rẹ́rìn-ín, ó sì wọ yàrá lọ bọ́ṣọ. Nígbà tó jókòó lórí ibùsùn, ẹ̀rín náà tán. Kò fi pa mọ́ fún ara rẹ̀ pé òun nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bó bá pẹ́ bó bá yá, yóò bi òun ní ìbéèrè tó ń bi gbogbo ènìyàn, òun ò sì ní ìdáhùn tí ojú òun lè gbà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò tilẹ̀ ti ẹnu ọkùnrin náà wá. Ó fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ kan: kí wọ́n mú gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé wọn, kí wọ́n lọ wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Olórí kíláàsì, ọmọbìnrin kan tó nífẹ̀ẹ́ Àǹtí Ewì débi pé ó ń kọ̀wé bíi tirẹ̀, kó àwọn mẹ́rin mìíràn jọ. Gbólóhùn ilẹ̀kùn ni wọ́n mú. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rí hàn pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí ṣáájú Àǹtí wọn, kí wọ́n sì kà á lọ́jọ́ àpéjọ òbí, kó bá a lójijì.

Wọ́n wá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá Níbo kó wọn lọ sí ilé-ìkàwé yunifásítì. Lórí pẹpẹ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín àwọn àpilẹ̀kọ àṣekágbá tí ẹnikẹ́ni ò ṣí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wọn síbẹ̀, wọ́n rí i, ojú ewé kọkànlélógún, bó ṣe wà lẹ́nu Àǹtí wọn gẹ́lẹ́. Orúkọ ọkùnrin kan ló wà lórí ẹ̀.

Àwọn ọmọ ń wo ara wọn. Ọkùnrin náà ò kíyè sí wọn. Ẹni tó ti fi ogún ọdún wá orísun ọ̀rọ̀ ni, inú rẹ̀ kì í sì í dùn bí ìgbà tó bá rí ọ̀kan. Lójú tirẹ̀, obìnrin náà kọ́ ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan, wọ́n sì ti rí ẹni náà, ẹ̀bùn ni. Bó ṣe délé-ìwé, ó gba yàrá àwọn olùkọ́ lọ tààrà, ẹ̀dà ojú ewé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"A rí i," ló wí lójú gbogbo wọn, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹni tó kọ́kọ́ sọ gbólóhùn yín, a ti rí i."

Obìnrin náà wo ìwé náà. Ó mọ lẹ́tà ẹ̀rọ náà. Òun ló tẹ̀ ẹ́. Àwọn olùkọ́ yòókù ti gbé pẹ́ẹ̀nì wọn sílẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà tó rí ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà," ni obìnrin náà wí. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi sínú àpò, ó sì jáde.

Kò wá ní Sátidé yẹn. Kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Ó gba ìwé àwọn ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó máàkì wọn nílé, ó dá wọn padà bẹ́ẹ̀. Yíǹkì aláwọ̀ ewéko ti ọkùnrin náà ń bẹ lára wọn, obìnrin náà sì ń pẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ náà, ó ń fi ìka tọ wọ́n. Ní kíláàsì, ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó tó pín yàrá wọn. Ọkùnrin náà ṣì ń wúkọ́, ó ṣì ń fa àga. Àmọ́ kò tún bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé níbo ló ti rí i. Ọjọ́ kan, méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin náà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àárò ìbéèrè lè sọ èèyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú àpéjọ òbí, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀. Kò wọlé tán.

"Mo ti ní kí wọ́n mú gbólóhùn mìíràn," ló wí. "Wọn ò ní ka tiyín. Káàdì tí mo kọ ọ́ sí, mo ti ya á."

Obìnrin náà gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ ya káàdì?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ irú tíì tí ẹ mu sílẹ̀?"

"Mo mọ ohun tí mo ṣe." Ó ń wo ilẹ̀. "Mo rí ojú yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀bi mi ni. Orísun ọ̀rọ̀ ni mo rí, mi ò rí yín. Mi ò fẹ́ rí ojú yẹn mọ́, ohun yòówù tó bá gbà."

Ó yíjú, ó sì lọ. Obìnrin náà rìn délé, ó jókòó sí ilé ìdáná lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó sọ gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò dá a lẹ́nu.

"Ṣé torí ìwé lo ṣe ń sunkún?" ni ìyá bi í nígbà tó parí. "Àbí torí ẹni tó kọ ọ́?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

"Àbí torí ẹni tó ya á?"

Ìyá rẹ̀ bu omi fún un, ó ní kó lọ bọ́jú.

Lọ́jọ́ àpéjọ, gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọmọ ń ka iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan olórí kíláàsì, ó ka gbólóhùn mìíràn tí wọn ò rí orísun tó dájú fún, ohùn rẹ̀ ò sì yọ. Kó tó jókòó, Àǹtí Ewì dìde. Ọkùnrin náà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mi orí fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà rí i, ó sì ń lọ síwájú.

Ó mú ẹfun, ó kọ orúkọ kan sójú pátákó ìkọ̀wé tó wà níwájú gbọ̀ngàn, ó kọ ọdún àti ojú ewé sí i lábẹ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọ yín bíi pé tèmi ni," ló wí. "Kì í ṣe tèmi. Ẹni yìí ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Èmi ni mo bá a tẹ ìwé ẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ fẹ́. Ó lọ. Láti ìgbà náà ni mi ò ti fẹ́ dárúkọ ẹ̀ nítorí pé ó ń dùn mí. Ìyẹn ò ní kí ó di tèmi. Àwọn ọmọ yín rí i, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe péye, máàkì kíkún ni mo fún wọn."

Olórí kíláàsì ṣì wà lórí ìdúró. Omi ti lé sí i lójú. "Àǹtí," ló wí jẹ́jẹ́, "kí wá ni ẹ̀yin fúnra yín rò?"

Kò sẹ́ni tó bi í rí. Ó dojú kọ pátákó, ó ka ewì náà sókè láti orí, kì í ṣe pẹ̀lú ohùn rírẹ̀ tó máa ń fi kà á. Ó kà á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ó dúró. Ó tún un kà.

"Ọwọ́ ẹ̀ dí," ló wí, ó ń rò ó bó ṣe ń sọ ọ́. "Gbogbo ìgbà yìí, ilẹ̀kùn ni mò ń wò. Mi ò wo ọwọ́ ẹ̀. Obìnrin yìí ò retí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló ń ṣe, ayé ẹ̀ ló ń gbé. Kò ti ilẹ̀kùn nítorí pé kò tiẹ̀ rántí ẹ̀ mọ́." Ó gbé ẹfun sílẹ̀. "Ohun tí mo rò nìyẹn. Òní ni mo rò ó."

Ọ̀gá àgbà kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un lọ́jọ́ kejì. Ó gbà á, ó fọwọ́ sí i, kò jiyàn.

Ọkùnrin náà ń dúró dè é lọ́dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ àpéjọ náà lẹ́yìn tí èrò ti túká.

"Mo ti ya káàdì yẹn fún yín," ló wí.

"Mo mọ̀. Torí ìyẹn ni mo ṣe lè sọ ọ́."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ kan ló kù kí n padà síbi iṣẹ́ mi." "Mo nífẹ̀ẹ́ yín. Mi ò ní ìwé kankan tí mo lè tọ́ka sí. Mo kàn mọ̀ ni. Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́jọ, kí n lọ wá ilé tó dáa, kí n to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Màá wá padà wá mú yín. Mo búra, màá padà wá."

Obìnrin náà wò ó. Ó mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Yóò padà wá, lọ́jọ́ tó dá gan-an. Ara rẹ̀ sì kọ̀ ọ́.

"Rárá," ló wí.

Ojú ọkùnrin náà rẹ̀ wálẹ̀.

"Má pè mí ní ẹ mọ́, kó o sì gbọ́ mi dáadáa. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ lẹ́yìn pátákó. Àmọ́ mi ò retí ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi, bó ti wù kó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó. Mi ò ní retí fún ọdún mẹ́sàn-án mìíràn, mi ò sì ní retí fún oṣù mẹ́jọ. Tó o bá ń lọ, àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Tí kò bá sílé, a máa gbé yàrá kan."

"Mi ò tíì wádìí ibi tí..."

"Má wádìí ẹ̀."

Ọkùnrin náà dákẹ́. Obìnrin náà ka ìṣẹ́jú náà nínú ara rẹ̀. Ọkùnrin náà wá na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, eruku ẹfun sì kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Ó dáa, olólùfẹ́ mi. Báwo la ṣe máa ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Ìyá ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n jọ jókòó síwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi ń lẹ ìkéde ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó," ló wí. "Tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ẹ máa bá a."

"Ta ló sọ fún yín, Màámi?"

"Mo lọ bèèrè. Ọjọ́ kejì tó o sunkún nílé ìdáná ni." Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Ìwọ, ṣé o lè tọ́jú ẹ̀?"

"Mo tọ́jú bàbá mi, Màámi. Mo máa ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Máa jẹun dáadáa pẹ̀lú. O ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù."

Yàrá kékeré kan ni ọ́fíìsì náà, bẹ́ǹṣì méjì, fáànù kan tí kò yí. Akọ̀wé ìgbéyàwó, obìnrin kan tí òtútù mú nímú, ń kàwé láti inú ìwé ńlá, ó ń sinmi láàárín gbólóhùn. "Ǹjẹ́ ìwọ gbà," ló bẹ̀rẹ̀, "láti fẹ́ obìnrin yìí..."

"Mo gbà," ni ọkùnrin náà wí.

Akọ̀wé wò ó. "Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, sà."

Ó kà á dópin. Ọkùnrin náà tún ní òun gbà. Ó kan obìnrin náà. Ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ̀rẹ̀ kó tó lè sọ ọ́ já.

Aago méjì ọ̀sán ni bọ́ọ̀sì gbéra. Olórí kíláàsì àti àwọn mẹ́rin yẹn wá sí ibùdókọ̀. Ìyá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú lójú fèrèsé, ó ní kí wọ́n tọ́jú yàrá dè òun, òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Obìnrin náà juwọ́ sí wọn títí bọ́ọ̀sì fi yà sí kọ́nà. Lẹ́yìn náà, ó tẹ́ orí lé èjìká ọkọ rẹ̀, ó sì ń wo ọ̀nà tó wà níwájú. Òun náà ló ń lọ lónìí, kò sì sẹ́ni tó fi òun sílẹ̀.